Oyin Lẹ́nu, Kọ́kọ́rọ́ Lápò

Aṣọ ìyàwó ni Aránṣọ kọ́kọ́ rí. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an fún àbúrò rẹ̀, ó sì ti gbé e kọ́ sára ògiri yàrá ọmọ náà kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè rí i. Nísinsìnyí orí bẹ́ẹ̀dì ló wà. Wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, léèsì funfun fọ́n káàkiri bí ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu. Bàtà iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà lábẹ́ àga. Fóònù wà lórí ìrọ̀rí. Ẹni tó ni wọ́n ni kò sí.

Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Aránṣọ tẹ fóònù náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ká sílẹ̀ dè é ló jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wá mi. Olúwa ti yà mí sọ́tọ̀. Ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

Nọ́ọ̀sì, àbúrò rẹ̀, ló ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó ka àkọ́sórí. Bó ṣe parí, ohùn ọkùnrin kan yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó rọra ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi." Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohùn náà ní gbogbo ìlú. Wọ́n ń gbọ́ ọ lórí rédíò láàárọ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ nínú gbohùngbohùn lọ́jọ́ Ìsinmi. Pásítọ̀ tí wọ́n ń pè ní Olóhùn-Oyin ni. Bó bá ti ní "ọmọ mi," arúgbó tó ti rí ọmọ-ọmọ pàápàá á dáhùn.

Mẹkáníìkì tí Nọ́ọ̀sì fẹ́ fẹ́ sáré dé láti ibi iṣẹ́, epo dúdú kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó gbọ́ ohùn inú fóònù náà lẹ́ẹ̀kan, kò ní kí wọ́n tún un gbé sí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àjákù léèsì náà nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ṣónṣó ìka mú un kí ó má baà yí epo.

"Àǹtí, ó ní òun ò fẹ́ mi mọ́."

"Ẹnu ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀," ni Aránṣọ dáhùn. "Mi ò gbọ́ ọ nínú ohùn ẹ̀. Dìde, ọkọ àbúrò mi. A ò ní ṣọ̀fọ̀ ẹni tí kò tíì kú."

Ìfẹ́ àwọn méjèèjì kì í ṣe ìfẹ́ ojú òpópónà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú òpópónà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ló bàjẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aboyún ń rọbí nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì wọ abẹ́ ọkọ̀, Nọ́ọ̀sì wà lókè lọ́dọ̀ aboyún, wọ́n ń pariwo sí ara wọn láìrí ojú ara wọn. "Má mì ín jìgìjìgì!" "Ẹ ní kó fọwọ́ mú irin!" Ìgbà tí ọmọ ké, ìgbà náà gan-an ni ẹ́ńjìnnì dáhùn. Mẹkáníìkì yọjú lábẹ́ ọkọ̀, ó rí obìnrin kan tó ń sunkún, tó ń rẹ́rìn-ín, ọmọ tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti dá lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan wà nínú Nọ́ọ̀sì tí ìfẹ́ kò rí lé jáde. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ń bí i. Òun tó ń gbẹ̀bí ọmọ ọlọ́mọ, àyà rẹ̀ máa ń já tó bá ro ti ara rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àfi Aránṣọ tó tọ́ ọ dàgbà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tẹ ṣọ́ọ̀ṣì Olóhùn-Oyin, màmá kan tó ń kí àwọn àlejò káàbọ̀ dì mọ́ ọn, ó bá a sunkún láìmọ ohun tó ń sun ún. Ìyá Ìdìmọ́ra ni wọ́n ń pe màmá náà. Nọ́ọ̀sì tú inú rẹ̀ fún un. Kò ju ìgbà tí wọ́n kọ orin mélòó kan lọ, Pásítọ̀ nàka sí i láti orí pẹpẹ.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí! Ìyá rẹ kú lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Mo rí ọwọ́ dúdú náà. Òun ni yóò bu iyẹ̀pẹ̀ sí ọ lójú."

Nọ́ọ̀sì ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ni kò ti jẹ́ kí Mẹkáníìkì fọwọ́ kan òun mọ́.

* * *

Sinimá ni ilé ìjọsìn náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé pẹpẹ sí ibi tí wọ́n ti ń fi àwòrán hàn, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sórí rẹ̀, wọ́n to àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn gíga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ọmọ ogun. Ìlù àti dùùrù kì í dákẹ́ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn títí dé òpin. Bí Pásítọ̀ bá ń wàásù, wọ́n á máa lu ìlù sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ará ìjọ ní agbára ni.

Pásítọ̀ gba Aránṣọ àti Mẹkáníìkì lálejò ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ń mí, èékánná rẹ̀ ń dán. Ó rẹ́rìn-ín sí wọn bí ẹni tó ti ń retí wọn.

"Níbo ni àbúrò mi wà?" ni Aránṣọ bi í.

"Lábẹ́ ìyẹ́ apá Olúwa."

"Àdírẹ́sì ni mo béèrè, Pásítọ̀."

"Obìnrin, ìgbéraga wà nínú rẹ. Àgbàlagbà ni àbúrò rẹ. Ó ní òun fẹ́ gbààwẹ̀. Ṣé o fẹ́ bá Ọlọ́run du ọmọ?" Ó yíjú sí Mẹkáníìkì. "Na ọwọ́ rẹ kí n rí i."

Mẹkáníìkì nà á láìrò ó.

"Wò ó. O fọ̀ ọ́ kí o tó wá, àbí? Ọṣẹ lo fi fọ̀ ọ́. Kò mọ́. Ṣé èyí lo fẹ́ fi gbé ọmọ jòjòló? Nígbà tí mo sọ fún un pé mo rí ọwọ́ yìí lọ́rùn rẹ̀, ṣé o mọ̀ pé ó bì?"

Mẹkáníìkì fò mọ́ ọn. Kò débẹ̀. Àwọn géńdé tó ń darí èrò ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n wọ́ ọ jáde sórí àtẹ̀gùn, wọ́n fi bàtà kọ́ ọ lọ́gbọ́n, eyín rẹ̀ kan ré bọ́ sílẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, àwọn akọrin ń fi orin ìyìn dánra wò, wọn ò dáwọ́ dúró. Aránṣọ ń pariwo, orin bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Pásítọ̀ jáde, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè kí ẹ̀jẹ̀ má baà ta sí i, ó lóṣòó ti Mẹkáníìkì. Ohùn rẹ̀ kò le rárá.

"Tí o bá tún padà wá, mi ò ní nà ọ́ mọ́. Òun ni màá bá sọ̀rọ̀. Màá sọ fún un pé mo rí pósí. Kò ní jẹun mọ́, kò ní sùn mọ́. Ẹnu lásán ni mo fi ń pa èèyàn, ọmọ mi. Mi ò nílò ọ̀bẹ."

* * *

Aránṣọ kò sùn fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Màlúù tí kò nírù, Olúwa ló ń bá a lé eṣinṣin: dírẹ́bà Bàbá Onísìmẹ́ńtì wọlé tọ̀ ọ́ wá. Olówó ìlú ni bàbá náà, arúgbó tó ti sin ìyàwó mẹ́ta, tí wọ́n sì ń sọ pé òun ló ra jíìpù tí Olóhùn-Oyin ń gùn.

"Ẹ bá wa rán gáùn funfun kan. Bàbá fẹ́ gbé ìyàwó tuntun. Pásítọ̀ ló rí ọmọ náà fún un nínú ìran."

"Ẹ kú oríire. Ìyàwó dà, kí n wọ̀n ọ́n?"

"Ó wà nínú ààwẹ̀, kò lè jáde. Ẹ̀wù ẹ̀ nìyí, wọ́n ní kẹ́ ẹ fi èyí wò ó."

Dírẹ́bà tú ọ̀rá. Ẹ̀wù iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kan ló wà nínú rẹ̀. Aránṣọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ yí kọ́là rẹ̀ padà kó tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Òun ló rán an fún àbúrò rẹ̀ nígbà tó gba iṣẹ́. Ó ki òwú sẹ́nu, ó géyín mọ́ ọn, kí igbe má baà jáde.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ gbà á?"

"Kó tó di Sọ́ńdè. Bí ìsìn bá ti parí, Pásítọ̀ fúnra ẹ̀ ló máa gbé e wá sílé Bàbá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di òkè òkun."

Ó rán an. Ó ń sunkún, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Bó bá kọ̀ ọ́, ẹlòmíràn ni wọn yóò gbé e fún, wọn yóò sì fura. Kò sí aṣọ tó rán rí tó korò tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó dán tó bẹ́ẹ̀.

Ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Obìnrin kan ló ń darí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ níbẹ̀, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Kì í pariwo. Àwọn olè ní ẹni tó bá gbọ́ "jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́" lẹ́nu rẹ̀ nínú yàrá ìbéèrè, kó kúkú tètè jẹ́wọ́.

"Ẹ̀wù kì í ṣe ẹ̀rí," ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wí. "Dírẹ́bà á ní òun ò mọ̀ yín rí. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín, àbúrò yín ló fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun fẹ́ lọ. Tí mo bá já wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lásán, wọ́n á ní mo ń ṣe inúnibíni sí ẹni Ọlọ́run, ọ̀gá mi á pè mí padà kí n tó wọ ilé kejì."

"Ẹ fẹ́ ká jókòó títí wọ́n á fi gbé e kọjá òkun?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀? Jẹ́jẹ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìbànújẹ́ kan tí kò ṣẹlẹ̀ rí ni màá gbé lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo máa sọ ọ́ sétí ẹnì kan ṣoṣo. Tí Pásítọ̀ bá wá fi ríran, irọ́ ẹ̀ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ nìyẹn, mo lè mú un fún jìbìtì, mo lè tú ilé ẹ̀. Èmi àti ọkọ mi la máa lọ. Àwọn ọlọ́pàá mi á dúró níta."

* * *

Èèyàn á máa gbèrò, àṣìṣe á máa rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ọkọ̀ Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ hú lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà, ó yọ èéfín, ó dákẹ́. Mẹkáníìkì tó jókòó sẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí i wò, ó mi orí. Tíṣà ni ọkọ Ọ̀gá Jẹ́jẹ́, ọkùnrin títóbi tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Òun ló ti ọkọ̀ náà kúrò lójú títì, òógùn bo gbogbo ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn débẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí Mẹkáníìkì fi fìlà bo ojú, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú Aránṣọ tó fi ìborùn bo tirẹ̀.

Ìsìn ti ń gbóná. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ kò tíì rí ìjókòó tí ọwọ́ méjì fi gbá a mọ́ àyà. Ìyá Ìdìmọ́ra ni.

"Ọmọ mi! Káàbọ̀. Kí ló dé tí o ń mí báyìí? Kí ló ń sun ọ́?"

Irọ́ tí Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ti há sórí sá lọ. Èémí rẹ̀ kò tíì balẹ̀, òótọ́ ló yọ́ jáde.

"Màmá, ẹ jẹ́ n mí ná. Ọkọ̀ mi ló kú lójú ọ̀nà."

"Háà! Ìgbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí, ibi tí a ti ń bọ̀. Ó kàn hú lẹ́ẹ̀kan, ó sì tán."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á rọ́pò ẹ̀."

Ìyá Ìdìmọ́ra nu òógùn rẹ̀ fún un, ó gba ẹ̀yìn aṣọ ìkélé lọ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú òdòdó aṣọ tó fi sí àyà. Ẹnìkejì ẹ̀rọ náà wà nínú etí Pásítọ̀, irun rẹ̀ bò ó. Bí wọ́n ṣe ń ríran nìyẹn. Ó tẹ ẹnu mọ́ òdòdó náà, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: obìnrin aláṣọ búlúù, ọkọ̀ rẹ̀ kú lójú ọ̀nà, láàárọ̀ yìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti sọ èdè wa wúyẹ́wúyẹ́ rí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí a bá gbé ohùn kúrò lára ọ̀rọ̀, ta ló lè mọ èyí tó rọ̀ àti èyí tó dúró? Ọkọ̀ tí èèyàn ń wọ̀, ọkọ tó fẹ́ èèyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n nínú ẹ̀rọ, pàápàá nígbà tí ìlù ń dún.

Pásítọ̀ di ojú. Ó gbọ̀n. Ó nàka.

"Opó kan wà níbí!"

Ìjọ hó yèè.

"Ìwọ tó wọ búlúù, dìde! Ọkọ rẹ kú! Ọkọ rẹ kú lójú ọ̀nà láàárọ̀ yìí! Mo rí i, ó wọ aṣọ funfun, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o má sunkún mọ́, òun ti dé ibi ìsinmi!"

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ rọra dìde. Lẹ́yìn rẹ̀, Tíṣà tó ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn dìde fìrí.

"Èmi? Ìgbà wo ni mo kú?"

"Jókòó, arákùnrin!"

"Mi ò jókòó o! Èmi ni ọkọ rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́tò láti ìsàlẹ̀ wá ni, ṣé òkú ń làágùn? Ìyàwó mi, kí lo sọ fún wọn? Ṣé ọkọ̀ ló kú ni, àbí ọkọ?"

"Ọkọ̀!" ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ dáhùn. "Ọkọ̀ ni mo sọ!"

Ìyá arúgbó kan tó jókòó níwájú wọn pàtẹ́wọ́. "Ó ní ọkọ̀ òun kú, Ẹ̀mí Mímọ́ gbọ́ ọkọ!"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìlà náà, ó ràn bí iná inú koríko gbígbẹ. Onílù di ikùn mú. Onídùùrù gbé orí lé dùùrù. Pásítọ̀ kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú ẹkún, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú ìbínú, kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rín ṣe. Ó fẹ́ ṣàlàyé, ó fẹ́ ní òkú nípa ti ẹ̀mí ni òun ń wí. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè bó ṣe máa ń ṣe, ó pàṣẹ.

"Ìdákẹ́jẹ́ẹ́!"

Àṣà ti mọ́ wọn lára. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlù dákẹ́, dùùrù dákẹ́, ọmọdé pàápàá dákẹ́.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Kò, kò, kò. Láti abẹ́ pẹpẹ. Kò, kò, kò. Ẹnì kan ń fi nǹkan kan ilẹ̀ pákó láti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn kan tó ti ha: "Ẹ ṣàánú wa."

"Orin!" ni Pásítọ̀ ké. Oyin ti tán lóhùn rẹ̀, ó ké bí ẹran. "Ẹ lù ú! Ẹ lu ìlù, ẹ̀yin ọmọ àlè!"

Onílù wo ọ̀pá ìlù ọwọ́ rẹ̀. Ó rọra gbé e sílẹ̀.

Mẹkáníìkì ti fò sórí pẹpẹ. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó bá ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan, agádágodo ràgàjì wà lẹ́nu rẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́ dà?" ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ bi Pásítọ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ìkélé nìkan ló rí tó ń mì. Àpò ọkùnrin náà ni kọ́kọ́rọ́ wà, ọkùnrin náà sì ti sá. Mẹkáníìkì fi ẹsẹ̀ irin gbohùngbohùn ṣẹ́ agádágodo náà. Òórùn ìgbẹ́ àti òógùn jáde kí èèyàn tó jáde. Wọ́n fa ọmọbìnrin méjì sókè, egungun èjìká wọn hàn, wọ́n ń fi ọwọ́ bojú nítorí iná. Ọ̀kan béèrè bóyá ilẹ̀ ti mọ́. Orí wọn ni ìjọ ti ń jó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyá ọ̀kan nínú wọn wà láàárín àwọn tó ń jó náà. Wọ́n ti sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì lókè òkun. Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó ń fi bàtà náà na ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Àbúrò mi dà?" ni Aránṣọ ké sínú ihò. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ di Ìyá Ìdìmọ́ra mú lọ́rùn ọwọ́.

"Nọ́ọ̀sì dà?"

"Ọmọ mi, èmi kàn ń kí àlejò ni..."

"Jẹ́jẹ́. Níbo ló wà?"

"Ẹ má lọ́ mi lápá!"

"Mi ò tíì lọ́ ọ. Níbo?"

"Nínú jíìpù! Lẹ́yìn ilé! A ti wọ̀ ọ́ láṣọ, a fún un ní oògùn oorun mu! Pásítọ̀ ló ní kí n fún un!"

* * *

Alùpùpù àwọn géńdé wà lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ wà lára ọ̀kan. Mẹkáníìkì gùn ún. Ó rí jíìpù dúdú níwájú, ó ń gba ọjà kọjá, ó ń gbá agbọ̀n àti àga dànù. Nígbà tó yà sí ọ̀nà tóóró, Mẹkáníìkì rí aṣọ funfun lẹ́yìn gíláàsì, orí kan ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí orí ọmọlangidi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a. Ọkọ̀ ẹrù kan dábùú, jíìpù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú irin rélùwéè ló gbà á sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀, wọ́n ti sọ géètì kalẹ̀, èrò dúró rẹpẹtẹ. Jíìpù há sáàárín. Mẹkáníìkì ju alùpùpù sílẹ̀, ó fi ìkúùkù lu gíláàsì.

Pásítọ̀ wo ọkùnrin eléépo tí eyín rẹ̀ ré, tí aṣọ rẹ̀ ya. Ó wo èrò. Oyin padà sóhùn rẹ̀. Ó sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ọmọ mi! Ajínigbé rèé! Ọmọbìnrin tí mo ń gbé lọ sílé ìwòsàn ló fẹ́ jí! Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀!"

Wọ́n wò ó. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan. Ẹni àkọ́kọ́ gbá a létí, ẹnìkejì fi òkúta lù ú lórí, ó ṣubú. "Ìyàwó mi ni," ló ń wí, "ìyàwó mi ni," wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ọkùnrin kan yí táyà bọ̀. Òmíràn ń béèrè ta ló ní pẹtiróòlù. Pásítọ̀ gbé gíláàsì rẹ̀ sókè, ó ń wo géètì, ó ń fi ìka lu ọwọ́ ìdarí ọkọ̀ bí ẹni ń gbọ́ orin.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí.

Nọ́ọ̀sì kò lè dúró. Oògùn oorun ti so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Ó já bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gáùn funfun, ó fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, ó ń wọ́ bọ̀. Nígbà tó dé ibẹ̀, kò rí ọ̀rọ̀ sọ, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ó dà bo Mẹkáníìkì. Òkúta kan bà á lẹ́yìn, kò kúrò. Ó wá ọwọ́ ọkùnrin náà nínú ẹrẹ̀, ọwọ́ dúdú tí wọ́n ní yóò sin ín, ó gbé e, ó fi lé ojú ara rẹ̀, ó dì í mú síbẹ̀. Epo àti ẹ̀jẹ̀ yí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹni tó yí táyà bọ̀ dúró.

"Ajínigbé wo lẹ ní ó jẹ́?" ni obìnrin kan béèrè.

Wọ́n yíjú sí jíìpù. Pásítọ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn, ó ti ń sá lọ lẹ́bàá ojú irin, bàtà rẹ̀ tó ń dán ń yọ̀ lórí òkúta. Ó kọsẹ̀, ó dìde, ó tún kọsẹ̀. Ọkọ̀ àwọn ọlọ́pàá ti gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kò sáré rárá, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ń mì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Pásítọ̀, opó rẹ dé."

* * *

Wọ́n mú Bàbá Onísìmẹ́ńtì nínú pálọ̀ rẹ̀, ó wọ aṣọ tuntun, ó ń bínú pé wọn kò tíì gbé ìyàwó òun dé. Ìyá Ìdìmọ́ra sọ gbogbo ohun tó mọ̀ kí wọ́n tó fún un ní ìjókòó. Pásítọ̀ nìkan ló kọ́kọ́ yarí.

"Iṣẹ́ wo lo ń ṣe kí o tó di pásítọ̀?" ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ bi í.

"Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni mí láti inú oyún."

"Iṣẹ́ wo?"

"Mo ti sọ ọ́."

"Jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ wo?"

"Mo ń ta oògùn èkúté. Pẹ̀lú gbohùngbohùn, nínú ọjà."

"Ṣé ó ń pa èkúté?"

"Kò pa á. Ohùn mi ni wọ́n ń rà."

"Ta ló gbé àwọn ọmọ yẹn sábẹ́ pẹpẹ?"

"Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi wọlé. Mo ní tí wọ́n bá jáde, ẹni tí wọ́n fẹ́ràn á kú. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ tì wọ́n mọ́lé, agádágodo ni mo kàn fi kún un."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ abẹ́ pẹpẹ?"

Ó gbé ojú sókè bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. "Ibẹ̀ ni ariwo ti pọ̀ jù."

Ó fọwọ́ sí ìwé ìjẹ́wọ́. Ó jẹ́wọ́ àwọn tó ti tà ṣáájú, ó dárúkọ àwọn tó rà wọ́n. Àwọn òbí wọn jókòó sínú ọgbà àgọ́ ọlọ́pàá láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé wọ́n ti rí ọ̀kan, wọ́n á dìde, wọ́n á jọ sunkún, àti àwọn tó ni ín àti àwọn tí kò ni ín.

Nígbà tí ara Nọ́ọ̀sì mókun díẹ̀, wọ́n ní kó wá fi ojú tọ́ka sí i. Aránṣọ fẹ́ bá a wọlé, ó kọ̀. Pásítọ̀ jókòó, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, irùngbọ̀n ti hù ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bó ṣe rí i, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi," ló wí, oyin ń kán. "Mo rí ìyá rẹ lánàá. Ó ń sunkún. Ó ní—"

Nọ́ọ̀sì di etí tábìlì mú.

"Dákẹ́."

"Ó ní kí n sọ fún ọ pé ọmọ tí o máa bí—"

"Mo ní kí o dákẹ́. Ìyá mi kò mọ̀ ọ́ rí."

Pásítọ̀ wo ojú ọmọbìnrin náà, kò rí ibi tí yóò gbà wọlé mọ́, ó sì tẹrí ba. Nọ́ọ̀sì nàka sí i. "Òun ni," ló wí, ó jáde.

Mẹkáníìkì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, báńdéèjì yí i lórí, ojú rẹ̀ kan ṣì wú. Ó dìde kíá.

"Kí ló sọ?"

"Kò rí nǹkan kan sọ."

Wọ́n rìn díẹ̀. Ọkùnrin náà fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn, nítorí ó ti mọ́ ọn lára pé Nọ́ọ̀sì kò fẹ́ kí òun fọwọ́ kan án.

"Wò ó," ló wí níkẹyìn, "tó o bá fẹ́ ká sún ìgbéyàwó síwájú, mi ò ní bínú. Tí o ò bá tiẹ̀ fẹ́ bímọ láéláé, mi ò ní bínú. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́."

"Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o," ni Nọ́ọ̀sì dáhùn. Ó sún mọ́ ọn, ó kó ìka rẹ̀ bọ àárín ìka ọkùnrin náà. "Má sún nǹkan kan síwájú. Ká jọ máa bẹ̀rù ẹ̀ ni."